Ewé Tó Nípọn Ju Ẹgbẹ́ Rẹ̀ Lọ

Bí ohun kan bá wà tí Ìyá Onígọ́ọ̀mù kórìíra láyé, ìyá inú ìwé ọmọdé ni. Ọdún mẹ́rìnlélógójì ló ti fi ń tún ìwé tó ya ṣe. Ó ń fi abẹ́rẹ́ rán ẹ̀yìn wọn, ó ń se gọ́ọ̀mù ìyẹ̀fun nínú ìkòkò kékeré, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì pa á sára ewé, á wá fi pátákó méjì àti òkúta tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi gbẹ. Ilé tí wọ́n ti ń yá ìwé ní òpópónà kejì ló ń kó iṣẹ́ wá fún un. Ìwé ọmọdé ló pọ̀ jù níbẹ̀, nítorí ta ló tún ń ya ìwé bí kò ṣe ọmọ? Bẹ́ẹ̀ ni kò ṣe sí ìtàn ọmọdé àtijọ́ tí kò tíì gba abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kọjá, ọ̀kan náà sì ni gbogbo wọn lójú rẹ̀. Ìyá kan á di búrẹ́dì sínú agbọ̀n, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní kí ọmọ máa lọ wọ inú igbó, kí ó máa lọ wa ọkọ̀ ojú omi, kí ó ṣáà ti dé kí oúnjẹ tó tutù. Kò ní í jágbe, kò ní í na ẹnikẹ́ni. Ọmọ á sì dé láìní àpá lára.

"Ẹni tó kọ ìwé ló ń bá a ṣọ́ ọmọ," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. "Ta ló ń bá èmi ṣọ́ tèmi?"

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí à ń wí yìí, ọkàn rẹ̀ ò sí lára ìwé. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, tó ń ránṣọ jẹun, ń mú ọmọ tirẹ̀ bọ̀ wá lo ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọmọdébìnrin ọmọ ọdún mẹ́jọ ni, Kílódé ni wọ́n sì ń pè é, nítorí "kí ló dé?" ni ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n sọ, kò sì tíì sinmi ẹ̀ títí dòní. Ọdún mẹ́jọ gbáko ni ìyá àgbà ti ń bẹ̀bẹ̀ kí ọmọ-ọmọ òun wá bá òun gbé fún ọjọ́ díẹ̀. Gbogbo ìgbà ni Ìyá Kílódé máa ń ní, "Ẹ jẹ́ ká máa wò ó ná, Màámi." Lọ́dún yìí ló tó gbà, àdéhùn mẹ́ta ló sì fi tì í: kò gbọdọ̀ sí nínà, kò gbọdọ̀ sí jíjágbe, wọn kò sì gbọdọ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ nínú ilé. Ìyá Onígọ́ọ̀mù ní òun gbọ́, òun gbà. Ó ra bẹ́ẹ̀dì kékeré, ó kó gbogbo abẹ́rẹ́ sókè, ó nu fèrèsé lẹ́ẹ̀mẹta. Àánú rẹ̀ ì bá ṣe ẹni tó bá rí i.

Wọ́n dé kí oòrùn tó mú. Ìyá àgbà gbá ọmọ mọ́ra, ó gba báàgì, ó pa ilẹ̀kùn dé, ó ki ọwọ́ bọ àpò épírọ́ọ̀nù, ó tún yọ ọ́, ó sáré lọ gbé omi tíì kaná. Ìyá Kílódé ń tiro tẹ̀ lé e nínú yàrá. Ẹsẹ̀ ọ̀tún obìnrin náà kúrú ju tòsì lọ, ẹsẹ̀ kan ló sì fi ń tẹ máṣíìnì ìránṣọ láti ọjọ́ tó ti kọ́ṣẹ́.

Ìtàn ẹsẹ̀ náà kò gùn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tó jáde nílé láàárọ̀ ọjọ́ kan láìsọ fún ẹnikẹ́ni, tó lọ sí kòtò ńlá tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta tẹ́lẹ̀, tó sì jábọ́ sínú rẹ̀. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi wá a. Wọ́n wá a létí odò, wọ́n wá a lọ́jà, wọ́n wá a délé ìwé. Kò sẹ́ni tó ronú kan kòtò. Nígbà tí wọ́n fi máa rí i, ẹsẹ̀ ti wú kọjá ohun tí dókítà lè tò padà.

Ìwé kan ni Ìyá Onígọ́ọ̀mù dá lẹ́bi, ìyẹn ìwé tí ọmọ náà fẹ́ràn jù, ìtàn àwọn ọmọ mẹ́ta tó lọ lo ọjọ́ kan ní erékùṣù. Kò jó o níná. Ó gbé e sórí pẹpẹ bí ẹni tó tọ́jú ẹ̀rí, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló sì fi ń nàka sí i: "Ohun tí ìtàn fi ẹsẹ̀ rẹ ṣe nìyẹn." Ọmọ rẹ̀ náà gbà bẹ́ẹ̀, kò sì fọwọ́ kan ìwé náà mọ́.

Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Kí àwọn àgbà méjì tó mu tíì wọn dé ìdajì, Kílódé ti fi àpótí tó pẹpẹ, ó sì ti jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú ìwé.

"Màmá Àgbà, kí ló dé tí ewé yìí fi nípọn ju àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ?"

"Ìwé ọ̀hún ti gbó ni. Gbé e síbẹ̀ kó má baà ya."

"Kò gbó o. Méjì ló lẹ̀ mọ́ra." Ọmọ náà gbé e sókè síbi fèrèsé. "Mò ń rí ọ̀rọ̀ nínú ẹ̀!"

Ìyá Kílódé gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Inú yàrá yìí ló dàgbà sí, ó sì mọ ìwé bí ó ṣe mọ aṣọ. Ó fi àtàńpàkò tọ etí ewé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Màámi, iṣẹ́ ọwọ́ yín nìyí. Kò sẹ́lòmíràn tí gọ́ọ̀mù ẹ̀ ń dán báyìí."

"Ó ti pẹ́. Fi sílẹ̀, tíì rẹ ń tutù."

Kò fi sílẹ̀. Ó mú aṣọ pẹlẹbẹ kan, ó rẹ ẹ́ sómi, ó fún un, ó tẹ́ ẹ lé ewé náà. Gọ́ọ̀mù ìyẹ̀fun ò fẹ́ ipá, sùúrù ló ń fẹ́. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Ìyá Onígọ́ọ̀mù jókòó, ó ń wo aṣọ tútù náà. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a, òun náà sì mọ̀ pé ọjọ́ náà ló dé yìí. Ó ṣe é bíi kó já ìwé náà gbà. Ẹ̀rù ló bà á, kò lè dìde.

Ewé méjèèjì tú, wọn ò tilẹ̀ ya. Ìyá Kílódé kà á sókè:

"Ìyá wọn ń sá aṣọ. Ó ní, 'Ibo lẹ ń lọ? Ta ni yóò wa ọkọ̀? Ìgbà wo lẹ máa dé?' Wọ́n ya àwòrán erékùṣù náà sẹ́yìn àpòòwé, ó gbé e kọ́ ìṣó ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Ó ní, 'Ẹ máa lọ. Bí oòrùn bá dé orí igi yẹn tí mi ò rí yín, mo mọ ibi tí màá wá yín dé.'"

Ó gbé ìwé sílẹ̀.

"Nínú èyí tí mo kà, wọ́n sùn lálẹ́, ilẹ̀ mọ́, wọ́n ti wà nínú ọkọ̀. Mo rò pé ṣe ni wọ́n yọ́ jáde. Mo rò pé bí ọmọ ṣe ń ṣe é nìyẹn."

"Ìgbà tí mò ń rán ẹ̀yìn ẹ̀ ni mo rí ojú ìwé yẹn," ni ìyá rẹ̀ wí. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Mo ní tó o bá kà á, o ò ní jẹ́ kí n rímú mí. Ojoojúmọ́ ni wàá máa wí pé ìyá báyìí jẹ́ kí ọmọ ẹ̀ lọ."

"Ká ní mo bi yín nígbà yẹn, ṣé ẹ máa jẹ́ kí n lọ?"

"Láéláé."

"Mo mọ̀. Ẹ máa ní rárá, bóyá ẹ tiẹ̀ máa nà mí sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀ bá mọ ibi tí ẹ máa wá mi dé, Màámi."

Ọ̀rọ̀ náà wọ ìyá àgbà lára dé egungun. Ó fẹ́ tọrọ àforíjì. Àforíjì náà wà lẹ́nu rẹ̀, ó ń gbọ́ ọ nínú ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó jáde ni, "Mo ṣáà fẹ́ dáàbò bò ẹ́ ni." Inú bí i sí ara rẹ̀.

Àwọn méjèèjì ti gbàgbé Kílódé. Ìwé ti dùn mọ́ òun ní tirẹ̀. Ó ti rí bébà pélébé kan lábẹ́ tábìlì, ó ti ya ọgbà ìṣeré tó wà ní òdìkejì títì, ó ya igi rẹ̀, ó ya ara rẹ̀ tòun ti ọmọ oníbàtà ilé kejì tí wọ́n pàdé lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí wọ́n ń wọlé. Ó gbé e kọ́ ìṣó tí wọ́n ń gbé sísọ́ọ̀sì kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ó wá kúnlẹ̀ síwájú ìyá àgbà.

"Màmá Àgbà, ọgbà yẹn ni mò ń lọ. Èmi àti ọmọ oníbàtà ni. Tí aago bá lu ọ̀kan, mo ti dé. Ṣé kí n lọ?"

Ìyá Kílódé ń wo ìyá rẹ̀. Ìyá Onígọ́ọ̀mù mọ̀ pé ìdánwò nìyí, àti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lórí rẹ̀. Ó wo ojú fèrèsé. Ó rí ọgbà náà kedere, ó rí igi, ó rí ọmọ oníbàtà tó ń fò lórí okùn.

"Máa lọ," ló wí.

Ayọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá sójú ọmọ rẹ̀. Ó rí i, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún pípẹ́. Kílódé sáré dé ẹnu ọ̀nà, ó yí ọwọ́ ilẹ̀kùn, ó fà á. Ó tún fà á.

"Màmá Àgbà, kí ló dé tí ilẹ̀kùn ò ṣí?"

Ìyá Onígọ́ọ̀mù fọwọ́ kan àpò épírọ́ọ̀nù rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀. Kò tiẹ̀ rántí ìgbà tó ti ilẹ̀kùn náà pa. Ẹnu rẹ̀ ti ṣàdéhùn, ọwọ́ rẹ̀ ò sí níbẹ̀.

"Mi ò mọ̀," ló wí. "Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò mọ̀ pé mo tì í."

"Mo gbà yín gbọ́, Màámi," ni Ìyá Kílódé wí. "Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn." Ó na ọwọ́ fún kọ́kọ́rọ́, ó sì fi ọwọ́ kejì gbé báàgì tí wọn ò tíì tú.

Kílódé tún ní kí ló dé. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti kọ́ nǹkan lónìí ni. Nígbà tí ìyá rẹ̀ ṣílẹ̀kùn tán, kò tẹ̀ lé e lọ bẹ́ẹ̀. Ó yíjú padà lẹ́nu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀.

"Màmá Àgbà, èmi àti màámi ni. Ilé la ń lọ. Ṣé ká máa lọ?"

Ìyá Onígọ́ọ̀mù wo àwòrán tó wà lára ìṣó, ó wo ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ gbayawu.

"Ẹ máa lọ," ló wí.