Wúfà Tó Wà Lẹ́yìn Àga Bàbá

"Bàbá! Mo ní ṣé ẹ ti jẹun!"

Kọ́lápọ̀ pariwo ọ̀rọ̀ náà sí etí bàbá rẹ̀ bí ẹni ń pe ará òdìkejì odò. Bàbá Láníyọnu, tó fi ọdún márùndínlógójì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé kó tó fẹ̀yìn tì, kò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀. Ó kàn mi orí, ó sì tún kọjú sí tẹlifíṣọ̀n.

Morẹ́nikẹ́, àbúrò Kọ́lápọ̀, ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ igbe yìí. Oṣù méjì gbáko ló fi wà ní Lọ́kọ́ja, tó ń to ẹ̀rọ ohùn sí ṣọ́ọ̀ṣì tuntun kan, nítorí iṣẹ́ tó yàn láàyò nìyẹn. Àárọ̀ ọjọ́ náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Ìlọrin, inú sì ti ń bí i kó tó jókòó.

"Bọ̀ọ̀dá mi, kí ló dé tí ẹ ń pariwo mọ́ wọn báyìí?"

"Wọn ò gbọ́ nǹkan mọ́ ni. Látìgbà tí mo ti ra họ́mù tíátà yìí fún wọn lóṣù tó kọjá, bí mo bá bi wọ́n pé kí ni wọ́n sọ nínú ìròyìn, wọn ò mọ nǹkan kan. Etí ti lọ. Mo ti gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ wọn láàárọ̀ yìí."

"Ẹ gba kí ni?"

"Ṣé kí tírélà tẹ̀ wọ́n pa lọ́jà Ipata ni? Gbogbo Sátidé ni wọ́n ń wa mọ́tò lọ ra iṣu níbẹ̀. Ẹni tí ò gbọ́ fèrè! Tí oṣù yìí bá parí, wọ́n á bá mi lọ sí Àbújá. Mo ti rí ayálégbé tó máa gba ilé."

"Àmọ́ mo ń bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, wọ́n sì ń gbọ́ mi ketekete!"

"Fóònù yàtọ̀," ni Kọ́lápọ̀ wí, bí ẹni tí ẹjọ́ ti parí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìròyìn bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Ọkùnrin tó ń kà á wà níwájú, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn àga Bàbá ni ohùn rẹ̀ ti ń jáde, ó ń dún wùùwùù bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú àgbá. Morẹ́nikẹ́ bojú wẹ̀yìn. Wúfà ńlá kan, sípíkà tó ń gbé ohùn tó rẹlẹ̀, ló wà níbẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orí bàbá arúgbó. Ó gba rìmóòtù, ó ṣí ibi tí wọ́n ti ń tún ohùn tò, ó sì rí nọ́ńbà tó wà níbẹ̀.

"Ta ló gbé krọ́sófà sí igba?"

"Èmi ni. Ọ̀rẹ́ mi tó bá mi to tèmi l'Ábújá, igba ló gbé e sí. Ilẹ̀ ń mì tìtì!"

Ó ṣe Morẹ́nikẹ́ bíi kó ju rìmóòtù náà lu ògiri. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ni ẹ̀gbọ́n ń jẹ́, ó gbé ìbínú náà mì.

"Ẹnubodè ni krọ́sófà, Bọ̀ọ̀dá mi. Ohùn tó bá wà nísàlẹ̀ nọ́ńbà yẹn, ọ̀dọ̀ wúfà ló ń lọ. Èyí tó bá wà lókè, àwọn sípíkà kéékèèké ló ń gbé e. Ẹ gbé e sí igba, ẹ sì kó ohùn ọkùnrin fún wúfà. Ẹ wá gbé wúfà sẹ́yìn wọn. Èmi tí mò ń fi etí jẹun gan-an ò gbọ́ ohun tí ọkùnrin yìí ń sọ!"

Ó tẹ̀ ba sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Kí ni kí n sọ? Lójú pásítọ̀ àti gbogbo aládùúgbò ni mo ti gbàdúrà fún un lórí ẹ̀," ni Bàbá fèsì. "Ẹni a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni."

"Ẹnu ẹ ni wọ́n ń wò, wọn ò gbọ́ ọ," ni Kọ́lápọ̀ wí.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló dá kún ìbínú Morẹ́nikẹ́. Ó fa wúfà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ó sì yẹ ìwé tó bá ẹ̀rọ náà wá wò. Àwọn sípíkà kéékèèké náà kò lè gbé ohùn tó bá rẹlẹ̀ ju ọgọ́rùn-ún lọ. Ó wá dúró sẹ́yìn àga Bàbá, níbi tí wọn ò ti lè rí ẹnu rẹ̀.

"Bàbá, ẹ bá mi gbọ́ ọ." Ó gbé e sí ọgọ́rin.

"Ohùn ẹ̀ tín-ín-rín. Àfi bí ẹni tí ebi ń pa."

Ó gbé e sí ọgọ́fà.

"Ẹn-ẹ́n! Ọkùnrin nìyẹn. Ó ní wọ́n fẹ́ tún afárá ṣe."

Láìsọ nǹkan kan, Morẹ́nikẹ́ dá a padà sí igba.

"O ti bà á jẹ́," ni Bàbá wí lójú ẹsẹ̀.

"Kí ló yàtọ̀?" ni Kọ́lápọ̀ béèrè. "Ṣebí bákan náà ni gbogbo ẹ̀."

Ìbínú Morẹ́nikẹ́ wá bú. "Bọ̀ọ̀dá mi, ta wá ni adití nínú ilé yìí?"

"Èmi lò ń sọ bẹ́ẹ̀ sí? Èmi tí mo ra gbogbo ẹ̀!"

Ẹni tó ṣoore tó lóṣòó tì í, bí ẹni tí ò ṣe é ni; Kọ́lápọ̀ sì ti lóṣòó ti tirẹ̀ látìgbà tó ti rà á.

Bàbá na ọwọ́ sókè. "Kọ́lápọ̀, ayálégbé tó o ní o rí yẹn, ṣé òun ló ní kí o gé igi máńgòrò mi lulẹ̀? Tí o ń sọ fún ìyàwó rẹ lórí fóònù nínú kíṣìnì pé kí ó má ṣèyọnu, pé bàbá ò ní mọ̀ títí ẹ ó fi kó ẹrù wọn?"

Ojú Kọ́lápọ̀ wálẹ̀. "Bàbá... ẹ gbọ́?"

"Láti ìjẹta tó o ti dé ni mo ti ń gbọ́. Mo fẹ́ mọ ibi tí o máa bá a dé ni." Ó dìde, ó tẹ́ ọwọ́. "Kọ́kọ́rọ́ mi dà?"

Kọ́lápọ̀ ki ọwọ́ bọ àpò, ó sì kó kọ́kọ́rọ́ náà lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́.

"Morẹ́nikẹ́, gbé e sí ọgọ́fà tó o gbé e sí yẹn, kí o sì jẹ́ ká lọ. Iṣu gidi kì í pẹ́ tán ní Ipata." Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà. "Kọ́lápọ̀, láti òní lọ, bí o bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, rọra sọ ọ́."