Mo Pọn Olùkọ́ Wa Sẹ́yìn

Fọlákẹ́, jókòó síbí, kí n sọ àlá tí mo lá fún ọ kó tó pòórá lójú mi. Inú ìdánwò òní yìí náà ni mo bá ara mi, èyí tí a ó ti máa kọ́ àwọn ẹgbẹ́ wa bíi pé ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n. Bí mo ṣe ní, "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ọmọ," gbogbo yín di ọmọ kékeré lóòótọ́. Eyín iwájú tìẹ ti ká. Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo ń kọ́ yín bí òjò ṣe ń rọ̀, òjò sì ń rọ̀ nínú pátákó, mo ń fi dọ́sítà nù ún.

Olùkọ́ wa tí wọ́n jókòó lẹ́yìn láti fún mi ní máàkì ti wọ ṣòkòtò péńpé kákí, ẹsẹ̀ wọn ò kanlẹ̀, irùngbọ̀n wọn sì wà níbẹ̀. Wọ́n nawọ́, wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, oorun ń kùn mí."

Mo ní, "Ẹ máa bọ̀, sà."

Mo fi ìró mi pọ̀n wọ́n, mo ń gbá wọn nídìí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mo ń bá iṣẹ́ mi lọ. Àyà mi ò já rárá. Ta ló tún lè kọ́ yín bẹ́ẹ̀? Ìgbà tó yá, mo mọ̀ ọ́n lára pé bírò pupa wọn ń rìn lẹ́yìn bùláòsì mi.

Mo ní, "Sà, máàkì mélòó lẹ fún mi?"

Wọ́n ní, "Ẹ dúró, mà. Mo ti kọ mẹ́sàn-án, ẹ jẹ́ n kọ nọ́ńbà tó máa tẹ̀ lé e."

Ibẹ̀ ni o ti fi bọ́kẹ́ẹ̀tì gbá ilẹ̀kùn tí mo fi lajú. Fọlákẹ́, ṣé bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn ò lè dúró kí wọ́n kọ ọ́ tán ni?