Ìhanrun Tó Wọ Ìwé Ìròyìn

Ọwọ́ Akọ̀wé-Òkú ti ń gbọ̀n, kì í sì í ṣe gbígbọ̀n kékeré. Tó bá mú bírò, tábìlì á bá a jó, ife omi á jó, aláǹgbá ara ògiri á wá nǹkan dì mú. Òun ló ń kọ ìròyìn àwọn tó bá kú sínú ìwé ìròyìn àdúgbò, láti ìgbà tí irun rẹ̀ ti dúdú bí èédú. Ẹ̀rù wá ń bà á pé wọ́n máa ní kó lọ jókòó sílé.

Àfi bí ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó jẹ́ olóòtú, ṣe gbé ẹ̀rọ onílàákàyè dé. Inú fóònù ló wà.

"Bàbá, téèyàn bá ń sọ̀rọ̀, á máa gbọ́, á máa kọ ọ́, á sì tún un tò."

"Ta ló ti bá kẹ́dùn rí?" Akọ̀wé-Òkú yínmú débi pé imú fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí opó kan fi wọlé. Ọkọ rẹ̀, awakọ̀ akẹ́rù, ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Bí bírò kò ṣe gbà fún Akọ̀wé-Òkú, ọwọ́ opó ló dì mú. Obìnrin náà ń sọ̀rọ̀, fóònù ń kọ ọ́.

"Bàbá àwọn ọmọ mi mọ bí wọ́n ṣe ń hanrun! Tó bá fà á, páànù òrùlé á kọ́kọ́ ṣí kó lè kọjá."

Ó sọ ọ́ tán, ẹ̀rọ tò ó. Akọ̀wé-Òkú kì í jẹ́ kí ìròyìn òkú jáde láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ kà á sétí ọlọ́fọ̀. Ó wọ awò ojú rẹ̀. "Gbajúmọ̀ awakọ̀ ni, ẹni tó fẹ́ràn ìsinmi tó jinlẹ̀..."

"Ta nìyẹn?" opó bi í.

"Bàbá àwọn ọmọ yín kọ́?"

"Kì í ṣe òun o. Ìhanrun rẹ̀ dà? Àìgbọ́ ọ mọ́ ni kò jẹ́ kí n rí oorun sùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà fún mi." Omijé bọ́ lójú rẹ̀.

Olóòtú dorí kodò. "Ẹ má bínú, mà. Èmi ni mo ní kó tún un ṣe kó lè dùn ún kà."

Ó tẹ fóònù kó gbé ọ̀rọ̀ náà jáde bí opó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Akọ̀wé-Òkú tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Bó ṣe dé ibi páànù, opó bú sẹ́rìn-ín tòun ti ẹkún.

"Òun nìyẹn! Ọkọ mi nìyẹn!"

Nígbà tí opó lọ tán, olóòtú jókòó ti àbúrò bàbá rẹ̀. "Bàbá, ẹ̀rọ yìí kò ní bá ọlọ́fọ̀ kankan jókòó láìsí yín. Kó máa kọ, kẹ́ ẹ máa di ọwọ́ wọn mú."

Ọkàn bàbá rọlẹ̀ wọ̀ọ̀. Àmọ́ ó ṣì fajú ro. "Kọ́ ọ kó máa dákẹ́ téèyàn bá ń sunkún."

"Ó mọ ìyẹn, Bàbá. Ẹ ẹ̀ rí i pé kò fọhùn látàárọ̀?"

"Ó fi ìyẹn jù ọ́ lọ."