Òwú Aláró Létí Ríbọ́ọ̀nù

"Ó lẹ̀ mọ́ ọn àbí kò lẹ̀?" Bàbá Ọdẹ́jọbí béèrè láti orí àga tó jókòó sí.

Ojúọlápé gbé òòfà kékeré sún mọ́ mẹ́dà náà. Àgbélébùú dúdú ni, etí rẹ̀ funfun bíi fàdákà. Kó tó gbé òòfà kàn án, ó ti fà á mọ́ra.

"Ó lẹ̀, Bàbá. Irin gidi ló wà nínú ẹ̀. Idẹ ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ayédèrú, òòfà kì í sì í gbé idẹ."

"Ṣé mo sọ fún ọ? Bàbá bàbá wa ò lè ti ojú ogun tí wọ́n bá Jámánì jà ní Kamẹrúùnù ru pàǹtí wálé!" Bàbá rẹ́rìn-ín, ó kọjú sí ibi tó ti gbọ́ ohùn ọmọ àbúrò rẹ̀. Funfun ti bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì. Ọdẹ tó ń rí ojú ẹtu nínú igbó Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí lóru, kò rí ẹran inú ọbẹ̀ tirẹ̀ mọ́.

Ilẹ̀ Jámánì ni Ojúọlápé ti kọ́ iṣẹ́ yìí, lọ́dọ̀ bàbá kan tó ń ta mẹ́dà àwọn ológun àtijọ́. Ilẹ̀ ló kọ́kọ́ ń gbá níbẹ̀, àfi ìgbà tí ojú rẹ̀ là sí iṣẹ́ náà. Nígbà tí àìsàn dá bàbá tirẹ̀ wó, ó padà sí Ìsẹ́yìn, ṣùgbọ́n àwọn tó ń kó mẹ́dà jọ ò fi í sílẹ̀. Orí fóònù ni wọ́n ti ń bi í pé èwo ni gidi, èwo ni ayédèrú. Ohun tó bá sọ labẹ gé. Ará Jámánì kan ti ní òun á ra ti Bàbá Ọdẹ́jọbí, bí Ojúọlápé bá lè fọwọ́ sọ̀yà pé ojúlówó ni, àti irin àti ríbọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń gbé e kọ́ àyà. Owó náà ni wọ́n fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ abẹ fún ojú Bàbá.

Ìròyìn ayọ̀ ni, àbí? Kò dùn mọ́ Ojúọlápé, kò sì dùn ún. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin bàbá rẹ̀, Abọ́dúnrìn, inú rẹ̀ ti kú bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé pẹ́. Kò sunkún nígbà ìsìnkú. Àwọn obìnrin àdúgbò ní ilẹ̀ òyìnbó ti fa omi ojú rẹ̀ gbẹ. Wọn ò mọ̀ pé òun fúnra rẹ̀ ń wá ẹkún náà kiri.

Ó dìde, ó ti àwọn fèrèsé, ó sì fa kọ́tìnì bò wọ́n.

"Kí lo tún fẹ́ ṣe?"

"Iná kan ni mo fẹ́ tàn sí ríbọ́ọ̀nù ẹ̀, Bàbá. Òwú ayé ogun yẹn kì í tàn lábẹ́ ẹ̀. Ti ayé ìsinsìnyí ló máa ń tàn."

Dúdú ni ríbọ́ọ̀nù náà, ìlà funfun méjì ló gba inú rẹ̀ kọjá. Bí iná aláwọ̀ àlùkò náà ṣe bà á, ìlà méjèèjì tàn yòò.

Ojúọlápé sún mọ́ ọn dáadáa. Òwú kan wà létí rẹ̀ tí kò dúdú bí àwọn yòókù. Òwú ọwọ́ ni, ó nípọn, aró ni wọ́n sì fi pa á. Kò sí aṣọ tí bàbá rẹ̀ hun rí tí kò fi irú òwú yẹn kan sí létí. Ìyá bàbá rẹ̀ ló ran òwú náà kó tó kú. "Ẹni tó bá jí aṣọ mi wọ̀," bàbá rẹ̀ a máa wí, "etí aṣọ ni yóò tú u fó."

Ọwọ́ bàbá rẹ̀ ni mẹ́dà náà máa ń wà láti ọjọ́ pípẹ́, nínú àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì, àfi ọjọ́ ọdún àwọn ọdẹ tí Bàbá bá ń gbé e kọ́ àyà. Eku ni o, ikán ni o, nǹkan kan ti jẹ ríbọ́ọ̀nù àwọn ará Jámánì. Ọkùnrin náà sì jókòó sídìí òfì, ó hun òmíràn, ó pa ẹnu mọ́. Ẹ wo ayé! Irọ́ ló fẹ́ fi pa, síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ò lè fi òwú yẹn sílẹ̀.

"Kí lo rí níbẹ̀?" ni Bàbá béèrè.

Kí ni kó sọ? Lójú gbogbo èrò ìsìnkú ni Bàbá ti sọ pé, "Abọ́dúnrìn ò purọ́ fún mi rí." Bí ó bá sọ òótọ́, yóò já òkú sí ìhòòhò, òyìnbó sì lè yarí, kí ojú Bàbá má là mọ́. Bí ó bá purọ́, ta ló máa mọ̀ ní gbogbo Ìsẹ́yìn? Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ ó bá a. Ojúọlápé ò mọ̀ pé òun ni wọ́n máa rán lé e.

"Bàbá, ríbọ́ọ̀nù yìí kì í ṣe ti Jámánì."

"Ti ta ni?"

Ó mú ìka Bàbá, ó gbé e lé etí ríbọ́ọ̀nù náà. Ìka náà rìn lọ, ó rìn bọ̀, ó dúró.

"Abọ́dúnrìn!" "Ọdọọdún ni mò ń gbé nǹkan yìí kọ́ àyà jó láàárín àwọn ọdẹ, tí òun náà ń pàtẹ́wọ́ fún mi! Kí ló dé tí kò sọ fún mi?"

"Ẹ̀rù yín ló ń bà á, Bàbá."

"Ẹ̀rù mi?" Bàbá tún fi ìka tọ etí ríbọ́ọ̀nù náà. "Sọ òótọ́ fún òyìnbó ẹ. Irọ́ kan ti tó nínú ilé yìí."

Ojúọlápé tẹ ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́. Kò pẹ́ tí èsì fi dé.

"Ó ní òun á ra irin náà nìkan, owó ẹ̀ á kàn dín. Ó ní kí n gé aṣọ yẹn kúrò, kí n jù ú nù."

Ó mú sísọ́ọ̀sì, ọwọ́ rẹ̀ kọ̀. Ó gbé e jù sílẹ̀, ó fi abẹ́rẹ́ tú ojú rírán rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi bọ́.

"Ṣé kí n jù ú nù, Bàbá?"

"Sí ibo? Gbé e wá, jàre." Bàbá ká a, ó tẹ̀ ẹ́ bọ inú fìlà rẹ̀. "Bí wọ́n bá la ojú mi, òun ni mo fẹ́ kọ́kọ́ fi wò."

Ojúọlápé la ẹnu láti ṣe àmín. Ẹkún ló jáde. Ó jáde tagbáratagbára, ó gbé e kúnlẹ̀ síbi ẹsẹ̀ Bàbá.

Bàbá wá orí rẹ̀ kàn, ó gbé ọwọ́ lé e.

"Sun ún, ọmọ mi," ó wí. "Fèrèsé ṣì wà ní títì."