Oríkì Bàbá Màsẹ́lì

Oríkì ló dá wàhálà yìí sílẹ̀ lọ́dún 1996, ẹnu Sùlàímọ́nù ló sì ti jáde.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa fi bàtà onírin háyà fún àwọn tó ń sáré lórí yìnyín ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Deira, nílẹ̀ Lárúbáwá. Ọjọ́bọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni Bàbá Màsẹ́lì máa ń wá láti Al Mamzar, níbi tó ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí yóò jókòó, tí yóò máa wòran. Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin ni Faransé yìí, ó sì gbọ́ Yorùbá yékéyéké, nítorí ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣòwò ní Àjàṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí ogun Hítílà tó dé, họ́kì orí yìnyín ló ń gbá. Òun ló ń ṣọ́ góòlù fún ẹgbẹ́ ìlú wọn, rọ́bà líle tí wọ́n ń gbá sì ti yọ eyín mẹ́ta lẹ́nu rẹ̀.

Ọjọ́ tí Sùlàímọ́nù gbọ́ ìtàn yìí, ara rẹ̀ ò gbà á. Ọmọ akéwì ṣáà ni. Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ki bàbá:

"Màsẹ́lì, ọkọ yìnyín!
Afàyàgbarọ́bà bí ẹni gbàlejò!
Eyín mẹ́ta bọ́, ẹnu góòlù ò ṣí!"

Orí bàbá wú. Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó gbé bàtà onírin tirẹ̀ dé nínú báàgì náílọ́ọ̀nù ọjà Naif. Ọ̀gá tó ń bójú tó ibẹ̀ figbe bọnu.

"Khalas! Ó tó! Ẹni tó bá ti lé ní àádọ́rin ọdún kì í gun yìnyín níbí. Sùlàímọ́nù, mú un jáde!"

"Mú ta jáde?" Yorùbá ni bàbá fi dáhùn. "Bi í léèrè fún mi bóyá wọ́n ti bí bàbá rẹ̀ nígbà tí mo ti ń ṣọ́ góòlù."

Sùlàímọ́nù túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà, kò yọ ẹyọ kan kúrò.

Ojú ọ̀gá pọ́n kuku. "Bó bá fẹsẹ̀ kan yìnyín, iṣẹ́ rẹ tán lónìí. Visa rẹ náà tán."

Sùlàímọ́nù rántí bedspace rẹ̀, ibùsùn kan ṣoṣo tó ń háyà nínú yàrá elérò púpọ̀ ní Sharjah, ó rántí Raliat ìyàwó rẹ̀ tó ń retí rẹ̀ ní Mushin. Ọlọ́run ọba, ló gbàdúrà sínú, Ìwọ lo mú mi dé ìlú yìí, kì í ṣe ọ̀gá yìí.

Ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ lọ́rùn, ó fi kọ́ ẹ̀yìn àga ọ̀gá, ó kó kọ́kọ́rọ́ lé tábìlì.

"Ọ̀gá, mo ti ki bàbá yìí. Mi ò lè kó ọ̀rọ̀ mi jẹ."

Bàbá ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ti ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ bàtà. Ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ̀yìn kọ̀ fún un.

"Sùlàímọ́nù," ó ní, "bá mi so okùn bàtà yìí."