Òkú Tó Kọjú sí Kámẹ́rà

Ogun kọ̀ọ̀kan tó bá jà láyé, ẹ̀ẹ̀mejì ní í jà. Àwọn tó gbé ìbọn ló ń ja ti àkọ́kọ́. Ìyẹn a máa ní ìparí, nítorí kò sí bí òjò ti í pọ̀ tó tí kì í dá. Àwọn tó gbé kámẹ́rà ló ń ja èkejì, òun ni kì í parí; bí àwọn tó jagun bá ti kú tán, àwọn ọmọ wọn a jókòó sínú yàrá, wọn a pa iná, wọn a ní kí wọ́n tún un jà lójú àwọn. Nínú ogun àkọ́kọ́, ẹni tó bá ṣubú ti ṣubú nìyẹn. Nínú èkejì, òkú a dìde, a gbọn eruku aṣọ rẹ̀ dànù, a sì lọ tò sórí ìlà kó lè gba oúnjẹ ọ̀sán. Ọ̀kan nínú irú òkú bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ẹni tí gbogbo ilé iṣẹ́ fíìmù mọ̀ sí Akúmátán, nítorí pé kò sí ogun tí wọ́n jà lójú kámẹ́rà tí kò kú sí.

Kíkú ni iṣẹ́ rẹ̀. Kò ṣe olórí eré rí, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ gbólóhùn kan rí nínú fíìmù. Ìbọn a dún, Akúmátán a ṣubú, ó parí. Àwọn tí kò mọ̀ rò pé iṣẹ́ ọ̀lẹ ni, ṣùgbọ́n ikú náà ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kú u. Ikùn ni òkú fi ń mí, kì í fi àyà mí. Kì í ṣubú sí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbé èéfín lọ, kí ikọ́ má baà jí i. Lékè gbogbo rẹ̀, òkú kì í kọjú sí kámẹ́rà, nítorí bí olùwòran bá ti rí ojú ẹnì kan, ojú yẹn ni yóò máa bá lọ, yóò sì gbàgbé ogun.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Akúmátán rú òfin yìí. Ọ̀dọ́ ni nígbà náà, ó sì ṣubú lé ọ̀nà ìjàlọ. Ó fara dà á bí ọkùnrin, àmọ́ nígbà tí wọ́n dé abíyá rẹ̀, ó yí ojú sí kámẹ́rà, ó la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ pe ẹnì kan tí kò sí nítòsí. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rò pé wọn yóò lé e lọ. Olùdarí eré ní, "Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ti ń wá láti àárọ̀ nìyẹn." Fíìmù náà kò tà. Wọ́n sọ ọ́ sí yàrá ìkẹ́rùsí, eruku sì gbà á ní àlejò.

Nígbà tó yá, orúnkún Akúmátán kò gba ìṣubú mọ́, wọ́n sì fi í ṣe olùtọ́jú aṣọ. Wọ́n fún un ní yàrá kan lẹ́yìn ilé aṣọ, níbi tí aṣọ ológun ìhà méjèèjì ń rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láìbínú. Òun ló ń lẹ ihò ọta tí wọ́n fi àlùmọ́gàjí gé, òun náà ló ń fọ ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ọ̀dà pò. Kò láya, kò lọ́mọ. Bí wọ́n bá bi í, a ní, "Obìnrin wo ni yóò fẹ́ ẹni tí yóò máa sọ ọ́ di opó lójoojúmọ́?" Wọn a rẹ́rìn-ín, òun náà a rẹ́rìn-ín, wọn a sì gba ilé wọn lọ. Ìyá tó bí i, kò mọ ojú rẹ̀. Àbúrò ìyá rẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà ti kú tipẹ́. Bí ó bá jókòó ti oúnjẹ, a tan rédíò, kì í ṣe nítorí ọ̀rọ̀ tí rédíò ń sọ, bí kò ṣe kí ohùn kan lè bá a jókòó.

Àkókò yìí ni ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ṣe fíìmù nípa ogun gidi tó jà nígbà èwe Akúmátán, irú fíìmù tí kì í ṣe eré, tí wọ́n fi ń ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Àwòrán ogun náà kò pọ̀, nítorí ẹni tó ń sá fún ọta kì í ráyè gbé kámẹ́rà. Olóòtú fíìmù náà, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí wọn kò tíì bí nígbà ogun, tú yàrá ìkẹ́rùsí, ó sì rí fíìmù àtijọ́ kan tí ìwé ara rẹ̀ ti ya dànù. Ó rí ojú tó yí padà, ó rí ẹnu tó là. Ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé kò sí òṣèré tó lè ṣe èyí. Ó gé e, ó sì fi í sí ibi tí wọ́n ti ń sọ pé, "Ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ni kò padà wálé."

Nígbà tí wọ́n gbé e jáde, inú yàrá ìjẹun ni àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ fíìmù ti wò ó. Káfíńtà ló kọ́kọ́ na ìka. "Akúmátán, àṣé o ti kú lóòótọ́, tí o ò sọ fún wa."

"Mo ní kí ẹ jẹun yó ná."

Ẹ̀rín náà ni wọ́n fi parí ọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tó rò pé ó yẹ kí wọ́n sọ fún ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni aṣọ́nà mú ìyá arúgbó kan wọ ilé aṣọ. "Ẹ̀gbọ́n, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ló darí Mama wá síbí, wọ́n ń béèrè ibi tí a ti ya àwòrán kan. Mo ní bí ẹ̀yin ò bá mọ̀ ọ́n, a jẹ́ pé àwọn òkú nìkan ló kù tí a ó bi." Ó rẹ́rìn-ín jáde.

Ìyá náà yọ àwòrán kan nínú báàgì rẹ̀, èyí tí ọmọ rẹ̀ obìnrin yà lójú tẹlifíṣọ̀n. "Ọmọ mi nìyí. Àbíkẹ́yìn mi. Láti ọjọ́ tó ti lọ sójú ogun, wọn ò sọ fún mi pé ó kú, wọn ò sì sọ pé ó yè. Kò sí fíìmù ogun tí wọ́n gbé jáde tí mi ò wò. Mo máa ń wá a láàárín wọn. Àwọn ọmọ mi ní orí mi ti dàrú. Wò ó. Bó ṣe máa ń lanu bó bá fẹ́ pè mí nìyẹn."

Akúmátán wo ojú ara rẹ̀. Òtítọ́ wà lórí ahọ́n rẹ̀, kò ju gbólóhùn kan lọ.

"Ibo ni, ọmọ mi?" ni ìyá náà wí. "Mo fẹ́ débẹ̀ kí n tó kú."

Kò rántí ìgbà tí ẹnì kan ti pè é ní ọmọ gbẹ̀yìn. Ó fa àga fún un. "Ibẹ̀ ti yí padà, Mama. Ẹ jókòó ná."

Kò purọ́, wọ́n ti sọ pápá tí wọ́n ti ya fíìmù náà di ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ìyá náà padà wá lọ́sẹ̀ kejì, ó gbé ìrẹsì dání. Ó sọ ìtàn ọmọ rẹ̀: ó máa ń súfèé nínú balùwẹ̀, iwájú bàtà nìkan ló máa ń kùn, a ní ẹni tó bá ti kọjá òun kò kan òun mọ́. Akúmátán rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè dé.

"Ṣé ó jẹ̀rora?"

"Kò pẹ́ rárá, Mama."

"Ṣé kì í ṣe òun nìkan ló wà níbẹ̀?"

"A pọ̀ níbẹ̀."

"Ìwọ náà wà níbẹ̀?"

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ tó burú jù ni irọ́ tí gbogbo egungun rẹ̀ jẹ́ òtítọ́. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ìyá náà ń wá báyìí. Akúmátán ra ife kejì. Bí ọjọ́ bá ti pé, a gbálẹ̀, a pa rédíò, a jókòó sí ibi tí yóò ti máa gbúròó ọ̀pá rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ọmọ ìyá náà obìnrin nìkan ló wá. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé tí ẹ ń gba ìyá wa láyè. Láti ìgbà tó ti mọ̀ yín ló ti ń rí oorun sùn. Ó ti ní kí wọ́n gbẹ́ orúkọ àbúrò mi sára òkúta. Aṣọ rẹ̀ tó ti ń kó pa mọ́ látọjọ́ yìí, ó ti kó o fún àwọn ènìyàn. Ó ní òun ò dúró de ẹnikẹ́ni mọ́. A ti bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ fún Sátidé. Ẹ̀yin lẹ ó mú wa débẹ̀."

Akúmátán dáhùn pé ó dára. Nígbà tí obìnrin náà jáde tán, ó jókòó láàárín àwọn aṣọ. Ọmọ náà lè wà láàyè níbìkan. Ó sì lè jẹ́ pé ibòmíràn ni ilẹ̀ ti gbé e mì. Bó ti wù kó jẹ́, ìyá rẹ̀ fẹ́ kó ojú kúrò lọ́nà, kó lọ sunkún ní ibi ìgbọ́kọ̀sí tí ẹnikẹ́ni kò kú sí àfi àwọn tó gbowó kú. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ohun tí wọn kò sọ ni bí yàrá onírọ́ yóò ti dákẹ́ tó lẹ́yìn náà.

Ọjọ́ Sátidé pé, tìyá tọmọ dé pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn. "Mama," ni Akúmátán wí, "kí a tó lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú àwòrán yẹn dání."

Ó kúnlẹ̀, orúnkún rẹ̀ dún. Ó na ara sílẹ̀ gbalaja, ó ká apá kan sábẹ́ ara rẹ̀. Ó yí ojú padà, ó sì la ẹnu.

Ọmọ obìnrin ló kọ́kọ́ yé. Ó fọwọ́ lé àyà. Ìyá wo àwòrán, ó wo ẹni tó wà nílẹ̀, ó tún wo àwòrán. Irun ti funfun, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti jìn, àmọ́ ẹnu náà ni.

"Ìjàlọ ló ń jẹ mí, Mama. Eré ni. Kò sí ẹni tó kú níbẹ̀."

Ìyá náà fi àwòrán náà padà sínú báàgì. "Dìde. Ilẹ̀ yẹn tutù."

Ó dìde. Ìyá náà ní, "Gbogbo ohun tí mo bi ọ́ ńkọ́?"

"Ara mi ni mò ń sọ."

"Kí ló dé tí o ò wí lọ́jọ́ àkọ́kọ́?"

"Ẹ pè mí ní ọmọ."

Ọmọ obìnrin fẹ́ sọ̀rọ̀ tìbínú-tìbínú, ìyá rẹ̀ gbé ọwọ́ sókè. "A jẹ́ pé ó lè wà láyé," ni ó wí, bí ẹni ń bá ògiri sọ̀rọ̀.

"Ó lè wà, Mama."

"Ó sì lè má sí."

"Ó lè má sí."

Ó di apá ọmọ rẹ̀ mú, wọ́n jáde.

Kò padà wá mọ́. Wọn kò ri òkúta náà mọ́lẹ̀. Agbẹ́kùúta ha orúkọ tó ti gbẹ́ sára rẹ̀ kúrò, ó sì tà á fún ẹlòmíràn. Akúmátán lọ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún olóòtú. Olóòtú náà yọ ọ́ kúrò nínú fíìmù, ó fi àwòrán ọ̀nà tó ṣófo sí ipò rẹ̀; lónìí ó ti di ọ̀gá ní ilé iṣẹ́ mìíràn. Ìyá náà lo ọdún díẹ̀ sí i, ó ń wo fíìmù ogun títí tí oorun fi gbé e lọ tí kò jí mọ́. Ìròyìn ọmọ rẹ̀ kò dé, ti ìyè tàbí ti ikú. Ọmọ obìnrin ránṣẹ́ ìsìnkú sí Akúmátán. Ó lọ, ó dúró lẹ́yìn gbogbo èrò, ó sì padà sílé láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Aṣọ́nà ti fẹ̀yìn tì, ó ń gbé lọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ fíìmù kógbá sílé, wọ́n ta àwọn aṣọ ológun fún ilé ẹ̀kọ́ eré ìtàgé. Akúmátán wà ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó báyìí. Ara rẹ̀ le. Kò sí ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́ wò.