Bàtà Olójú Fèrèsé

“Ẹ má tì mí ṣubú o! Gbogbo yín lẹ máa rí bàtà rà!”

Ìyàwó aránbàtà ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, tẹ̀ríntẹ̀rín, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbégbá orókè. Inú ṣọ́ọ̀bù ò gbẹsẹ̀. Bàtà kan ṣoṣo ni gbogbo wọn wá rà, èyí tí ọkọ rẹ̀ gé ihò sí níbi àtàǹpàkò. Àwọn ọ̀dọ́ ti sọ ọ́ ní “olójú fèrèsé”, òkìkí rẹ̀ sì ti kan jákèjádò àdúgbò.

Ohun tí àwọn oníbàárà kò mọ̀ ni pé oge kọ́ ló bí fèrèsé yẹn. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òsì aránbàtà ló wú, tó pọ́n, tó ń ta á bí iná. Ẹlòmíì ì bá gba ilé ìwòsàn lọ. Tirẹ̀ yàtọ̀: ó ní bàtà ló fún òun. Ó fẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Ó tún un fẹ̀, kò gbọ́. Ló bá fọ̀bẹ gé ojú bàtà náà dànù.

Dókítà obìnrin kan tó wá ra tirẹ̀ kò tiẹ̀ wo bàtà. Abẹ́ tábìlì ló ń wò.

“Ọ̀gá mi, ẹ jẹ́ n rí ẹsẹ̀ yẹn.”

“Ṣé bàtà lẹ wá rà ni, Dókítà, àbí ẹsẹ̀?”

Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Dókítà náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bó ṣe fọwọ́ kàn án báyìí, igbe tí aránbàtà ké lé àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà sẹ́yìn.

“Ẹ̀yin lẹ wá ń gé bàtà kiri! Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́ o. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò.”

“Pẹ̀lú èrò yìí?”

“Èrò á dúró,” ìyàwó rẹ̀ dáhùn. “Bàbá wọn, ẹ dìde, kí n tó tilẹ̀kùn mọ́ gbogbo yín!”

Nígbà tí èsì jáde, dókítà pè é jókòó.

“Yúríìkì ásíìdì ló pọ̀ lẹ́jẹ̀ yín. Ìdọ̀tí tí ìtọ̀ máa ń gbé jáde ni. Tó bá pọ̀ jù, á dì sí oríkèé bí iyọ̀, á sì máa gún yín.”

“Ó tán! Ẹ fún mi lóògùn, iṣẹ́ ń dúró dè mí.”

“Ẹ ṣe sùúrù. Oògùn rèé, ẹ dín ẹran àti ọtí kù. Àmọ́ àtàǹpàkò kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹni tí ásíìdì yìí bá pọ̀ lẹ́jẹ̀ ẹ̀, a sábà máa ń rí i pé iṣan tó ń gbẹ́jẹ̀ látinú ọkàn ẹ̀ ti ń le, ó ti ń dí. Mi ò ní òun nìkan ló ń fà á, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń jọ rìn. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín náà ti ga. Ṣé ọkàn ti da ẹnì kankan láàmú nínú ẹbí yín rí?”

“Rárá o. Bàbá mi ò ṣàìsàn rí. Àyà ló ṣàdédé dì mú lẹ́nu iṣẹ́, ó bá lọ. Iṣẹ́ aráyé ni.”

Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù, inú rẹ̀ ń dùn. Oníbàárà ẹlẹ́sẹ̀ ńlá kan ń dúró, ló bá na ọwọ́ sókè, ó gbé ẹsẹ̀ igi méjì wálẹ̀, èyí tí bàbá rẹ̀, tí òun náà jẹ́ aránbàtà, gbẹ́ tó fi ń mọ bàtà ara rẹ̀. Tọ̀tún ń dán. Tòsì ní kókó níbi àtàǹpàkò: ègé awọ, wọ́n fi ìṣó kàn án, wọ́n kan òmíràn lé e, wọ́n tún kan òmíràn. Láti kékeré ló ti ń rí i. Àtúnṣe lásán ló pè é.

“Ìyá wọn! Ẹ sáré wá o! Bàbá mi náà ń fẹ bàtà bíi tèmi! Aráyé kọ́! Ẹsẹ̀ bàbá ti ń sọ̀rọ̀ tipẹ́, a ò gbọ́!”

Ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Gbogbo ọdún tó fi ń fura sí ará ilé pé wọ́n pa bàbá rẹ̀, ó wá ń dùn ún, bẹ́ẹ̀ lara rẹ̀ sì fúyẹ́. Ìyàwó rẹ̀ fọwọ́ pa awọ náà.

“Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n,” obìnrin náà rọra sọ. “Àbúrò yín ńkọ́?”

Kò tíì sọ ọ́ tán tí ọkọ rẹ̀ ti gbé fóònù.

“Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ kú iṣẹ́ o! Mo gbọ́ pé ẹ ti dolówó!”

“Fi ìyẹn sílẹ̀. Bàtà tí mo rán fún ẹ, ṣé ó bá ẹ mu?”

Àbúrò rẹ̀ rẹ́rìn-ín. “Ẹ má bínú o. Tọ̀tún dáa gan-an. Tòsì ló ń fún mi níbi àtàǹpàkò. Ẹ bá mi fẹ̀ ẹ́ díẹ̀.”

Aránbàtà gbé ẹsẹ̀ igi bàbá wọn lé orí itan.

“Mi ò ní fẹ̀ ẹ́,” ó ní. “Wọkọ̀ máa bọ̀ lónìí.”